Ojú wa ni wọ́n ń fi ṣe gbàǹjo

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn baba wa ń pè ní ìpolówó ọjà, kó gba Ìpatà kọjá ní ìgboro Ìlọrin níbí. Orúkọ àdúgbò náà nìkan tó láti ránni létí alápatà. Ẹlẹ́ran kì í dákẹ́ sídìí ẹran, aláta kì í dákẹ́ sídìí ata. Ẹnu ni wọ́n fi ń polówó, gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n sì ń ké sí. Wọn kò mọ orúkọ ẹni tó ń kọjá, wọn kò mọ ibi tó sùn mọ́jú, wọn kò sì mọ ohun tó wò lórí fóònù lóru àná. Ọjà tó wà níwájú wọn ni wọ́n ń kéde, ẹni tó bá wù ló ń yà.

Ìpolówó tó ń jáde lójú fóònù wa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò wò ó ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kí wọ́n tó wá ta ọjà fún un. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá sábà máa ń rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lèyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjà kan wà tó ń pinnu iye tí ojú ìwé tí a fi Yorùbá kọ yóò pa wọlé, àti ohun tí wọ́n lè fi mọ̀ nípa ẹni tó ń kà á. Èrò wa ni pé ó yẹ ká kọ́ bí ọjà náà ṣe ń lọ, ká wá ọ̀nà tí Yorùbá yóò fi hàn níbẹ̀, ká má sì fi gbogbo ohun tí a ní lé e lọ́wọ́.

Bí gbàǹjo náà ṣe ń lọ

Ká ní ẹnì kan dúró sí Ìpatà, tó ń retí kí wọ́n bá a lọ ata tán. Ó ṣí ìwé ìròyìn kan lórí fóònù. Bí ojú ìwé náà ṣe ń jáde bọ̀, àyè kan ṣófo níbẹ̀. Àyè ìpolówó ni. Oníwèé ìròyìn fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ẹni tí yóò gba àyè náà. Ẹ̀rọ tó ń bójú tó àwọn àyè rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ad server, ló ń ránṣẹ́ sí alágbàtà tó ń bá a ta àyè. SSP ni wọ́n ń pe alágbàtà yìí. Òun ló máa gbé àyè náà lọ sínú ọjà, èyí tí wọ́n ń pè ní ad exchange. Láti inú ọjà ni ìkéde ti ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí ọ̀pọ̀ alágbàtà mìíràn, àwọn tó ń bá ọlọ́jà ra àyè. DSP ni àwọn wọ̀nyẹn ń jẹ́.

Kí ló wà nínú ìkéde náà? Àdírẹ́sì ojú ìwé tí ẹni náà ń kà wà níbẹ̀. Irú fóònù tó mú lọ́wọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń dá a mọ̀. Ìlú tó wà náà wà níbẹ̀, nígbà mìíràn ibi tó dúró sí gan-an. Èdè tí wọ́n fi ṣètò fóònù rẹ̀ kò gbẹ́yìn. Lórí gbogbo rẹ̀ ni àmì ìdánimọ̀ kan wà, tí kì í ṣe orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tó ń tẹ̀ lé e káàkiri. Nínú bíráúsà, kúkì ni àmì náà sábà máa ń jẹ́. Nínú áàpù, nọ́ńbà ìpolówó tí fóònù fúnra rẹ̀ ní ni. Ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ìkéde yìí ń jẹ́ OpenRTB. Ó ti wà láti 2010, ẹgbẹ́ IAB Tech Lab ló ń bójú tó o lónìí, ẹnikẹ́ni ló sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́.

DSP kọ̀ọ̀kan ní láti dáhùn láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹni tó ń retí ata tó ṣẹ́jú tán, wọ́n ti ta ojú rẹ̀, ẹni tó rà á sì ti gbé ìpolówó síbẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ iye tí yóò dá? Ìṣirò lásán ni, kò sí oògùn níbẹ̀. Ká ní ẹni tó ń ta bàtà sọ pé òun lè san ₦50 lórí ẹnikẹ́ni tó bá tẹ ìpolówó òun. Ẹ̀rọ yóò wo ohun tó mọ̀ nípa àmì ìdánimọ̀ yẹn, yóò sì ṣírò pé nínú irú èèyàn bẹ́ẹ̀ 1,000, méjì ni yóò tẹ̀ ẹ́. ₦50 lọ́nà méjì jẹ́ ₦100. Ìyẹn ni pé bí ìpolówó náà bá jáde ní ìgbà 1,000, ₦100 ló tọ́ sí i, ìgbà kan ṣoṣo sì jẹ́ 10 kọ́bọ̀. Bí àmì náà bá wá fi hàn pé ẹni yìí lọ wo bàtà lánàá, ìṣirò yí padà nìyẹn. Ẹ̀rọ lè sọ pé nínú irú rẹ̀ 1,000, ogún ni yóò tẹ̀ ẹ́. 10 kọ́bọ̀ di ₦1. Ìdí nìyẹn tí bàtà tí a wò lẹ́ẹ̀kan fi ń lé wa kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀rọ náà tún ń ṣọ́ àpò ọlọ́jà, kí owó oṣù kan má baà tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnì kan ṣoṣo má sì rí ìpolówó kan náà títí tí yóò fi sú u.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ń san owó náà ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó dá iye tó ga jù ló ń gba àyè, ṣùgbọ́n iye tí ẹnì kejì dá ni yóò san, pẹ̀lú èlé díẹ̀. Ní 2019, Google sọ ọjà tirẹ̀ di èyí tí ẹni tó borí ti ń san iye tó dá gan-an. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, àwọn DSP ń kọ́ ẹ̀rọ wọn láti máa rẹ iye náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó mọ ọjà ná ṣe ń ṣe. Iye tó wà lọ́kàn rẹ̀ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pè.

Ta ló ń jẹ owó náà?

Ìpolówó aláwòrán tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí àkọ́kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde ní October 1994, lórí ìkànnì HotWired ní Amẹ́ríkà. Nígbà náà, bí ìgbà tí èèyàn gba ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn ni. Ọlọ́jà bá onílé sọ̀rọ̀, wọ́n dúnàádúrà, ó tán. Nígbà tí ìkànnì wá pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè bá dúnàádúrà lọ, àwọn alágbàtà dé. Ní 2007, Google kéde pé òun yóò ra DoubleClick ní $3.1 bílíọ̀nù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2008. Bí Google ṣe di ẹni tó ní ẹ̀rọ tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń ta àyè, tó tún ní ọjà, tó sì tún ní irinṣẹ́ tí àwọn ọlọ́jà fi ń rà á nìyẹn.

Ẹ wo Ìpatà kan tí ẹnì kan ṣoṣo ti ni ìsọ̀, tó ń bá ẹni tó ń tà tà, tó ń bá ẹni tó ń rà rà, tó sì tún jẹ́ pàràkòyí tó ń dájọ́ ọjà. Ta ni yóò bá a jà? Ní April 2025, adájọ́ Leonie Brinkema ní ìpínlẹ̀ Virginia dájọ́ pé Google rú òfin ní ọ̀nà méjì: nínú ẹ̀rọ tí àwọn oníwèé ìròyìn ń lò àti nínú ọjà fúnra rẹ̀. Ó ní ìjọba kò fi ẹ̀rí tó tó múlẹ̀ lórí ẹ̀ka kẹta, ti àwọn tó ń ra àyè. Ní September ọdún kan náà, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn €2.95 bílíọ̀nù lé Google lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Google ní òun kò gbà, òun yóò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí méjèèjì.

Kódà láìsí ọ̀rọ̀ Google, ọ̀nà jìn láàárín ẹni tó san owó àti ẹni tó kọ̀wé. Ìwádìí kan jáde ní Britain ní 2020, tí ISBA, ẹgbẹ́ àwọn olùpolówó ibẹ̀, ní kí PwC ṣe. Nínú gbogbo owó tí àwọn ọlọ́jà san, ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ọwọ́ àwọn oníwèé ìròyìn. Ìdá 15 wà tí àwọn olùṣirò owó náà kò mọ ibi tó gbà. Bí ilé iṣẹ́ ńlá ní London kò bá lè tọpa owó tirẹ̀, kí ni kí ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ Yorùbá sórí ìkànnì ní Ìlọrin ṣe?

Níbo ni Yorùbá wà nínú ọjà yìí?

Àyè wa kò ṣàìsí níbẹ̀. Nínú ìlànà OpenRTB, wọ́n fi lẹ́tà méjì dúró fún èdè kọ̀ọ̀kan. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ "en", Faransé jẹ́ "fr", Yorùbá jẹ́ "yo". Àga wà, àwa ni a kò jókòó síbẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó fà á ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa fi ṣètò fóònù. Ìyá tó ń sọ Yorùbá Ìlọrin láti ìdájí títí di alẹ́ ní Ìpatà, "en" ni fóònù rẹ̀ ń kéde fún ọjà. Lójú ẹ̀rọ, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Bí ọlọ́jà kan bá ní òun fẹ́ bá àwọn elédè Yorùbá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ kò ní rí ìyá yìí. Ọlọ́jà yóò wá rò pé àwọn tó ń ka Yorùbá kò tó nǹkan, kò sì ní padà wá.

Ohun kejì wà nínú ìwé kíkọ, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ka ojú ìwé láti mọ ohun tó dá lé: ṣé eré bọ́ọ̀lù ni, ṣé oúnjẹ ni, ṣé ìròyìn ikú ni. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà sì ní àkójọ ọ̀rọ̀ tí wọn kò fẹ́ kí ìpolówó wọn bá pàdé. Ẹ wá gbé "oko" fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìsí àmì. Ṣé oko tí wọ́n ń ro ni? Ṣé ọkọ ìyàwó ni? Ṣé ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ̀ ni? Àbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń ṣọdẹ? Ìkarùn-ún wà tí a kò ní kọ síbí, ẹ ti mọ̀ ọ́n, òun gan-an sì ni irú èyí tí ọlọ́jà máa ń fi sínú àkójọ rẹ̀. Ẹni tó kọ nípa oko iṣu lè tipa bẹ́ẹ̀ di oníwà ìbàjẹ́ lójú ẹ̀rọ tí kò gbọ́ ohùn.

Àmì ohùn nìkan kò sì yanjú rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi dá "ọ́" mọ̀. Ẹnì kan lè tẹ "ọ" kó gbé àmì òkè lé e. Ẹlòmíràn lè tẹ "ó" kó gbé ẹsẹ̀ sí i nídìí. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Bí àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ kò bá rántí pa wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú ẹ̀rọ. Ojú ìwé tí ẹ̀rọ kò mọ ohun tó ń sọ kò sì ní nǹkan mìíràn tí yóò fi ta ara rẹ̀ ju àmì ìdánimọ̀ ẹni tó ń kà á lọ. Bí èdè wa kò bá yé wọn, dátà wa ni wọn yóò máa tà dípò rẹ̀.

A kò ní sọ pé èdè nìkan ló fa owó kékeré. Iye tí wọ́n ń dá lé èèyàn máa ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n rò pé ó lè rà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlọrin kò fi tó ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì ní New York lójú ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gé ti ẹni tó ń ka Yorùbá: wọ́n gé e nítorí ibi tó ń gbé, wọ́n tún gé e nítorí pé ohun tó ń kà kò yé wọn.

Àwọn kan nínú kíláàsì wa ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká kúkú máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé. Èsì wa ni pé ẹ wo àwọn tó ti fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ìròyìn. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, owó ẹyọ ni àwọn òǹkàwé fi ń rà á. Aláròyé di ìwé tí àwọn èèyàn ń ná owó lé lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀. BBC News Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ní 2018, owó ìjọba Britain ló gbé e dìde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí gbàǹjo yìí bí. Ẹni tó bá ní òǹkàwé tó gbà á gbọ́ lè rí ọ̀nà mìíràn jẹun.

Òfin wà, àmọ́ èdè wo ni wọ́n fi ń béèrè?

Ìjọba wa kò sùn pátápátá. Ní October 2022, ARCON, àjọ tó ń bójú tó ìpolówó, pe Meta lẹ́jọ́ ní Àbújá, ó ní kí wọ́n san ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí wọn kò gbé wá fún àyẹ̀wò. Ní July 2024, FCCPC bu $220 mílíọ̀nù lé Meta lórí bó ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní April 2025. Ní February 2025, NDPC tún bu $32.8 mílíọ̀nù lé e lórí ìpolówó tó ń tẹ̀ lé ìṣesí èèyàn; wọ́n ti yanjú ìyẹn láàárín ara wọn. Inú ọgbà ara rẹ̀ ni Meta ti ń ṣe gbàǹjo tirẹ̀, kò gbé e jáde sí ọjà gbangba, ṣùgbọ́n ojú wa náà ni ọjà tó ń tà.

Òfin ààbò dátà ti 2023 ní bí wọ́n bá fẹ́ gba ìyọ̀ǹda èèyàn láti lo dátà rẹ̀, kí wọ́n fi èdè tó rọrùn béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ibí yìí ni a ní ẹjọ́. Fún ìyá tó ń ta ata ní Ìpatà, èdè wo ló rọrùn? Gẹ̀ẹ́sì àwọn lọ́yà tó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin sí Ògbómọ̀ṣọ́, pẹ̀lú bọ́tìnì kan nísàlẹ̀ tí kò sí ẹni tí kì í tẹ̀ ẹ́, a kò lè pè é ní ìyọ̀ǹda. Bí òfin náà bá máa ní ìtumọ̀ ní ìgboro yìí, ó yẹ kí ìbéèrè náà wà ní Yorùbá tó já gaara. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni, iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wa sì ni.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún

Ẹni tó bá ní ìkànnì Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ lang="yo" sí orí ojú ìwé yín kí ẹ̀rọ mọ ohun tó ń kà. Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ dáadáa, kí gbogbo ẹni tó ń kọ síbẹ̀ sì máa tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kan náà. Ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè inú bíráúsà yín. Lórí Android, ẹ lè pa nọ́ńbà ìpolówó rẹ́ nínú ètò fóònù. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ẹ tún máa ta àyè yín fúnra yín. Bí èèyàn 500 bá ka ojú ìwé kan, tí ọjà sì rà á ní 10 kọ́bọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦50 ni gbogbo rẹ̀, kí àwọn alágbàtà tó gé tiwọn. Ṣùgbọ́n bí 500 yẹn bá ń gbé Ìlọrin, ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ẹran ní Ìlọrin lè san ju bẹ́ẹ̀ lọ láti bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè wọn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ wọn káàkiri. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Èèyàn yóò rìn, wọn yóò ní kó padà wá lọ́la, kò sì lè tó bọ́ ìwé ìròyìn ńlá. Ó lè tó san owó dátà àti owó ẹni tó ń kọ̀wé, ìyẹn sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn olùkọ́ wa. A ń kọ́ ìpolówó ọjà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà lítíréṣọ̀ alohùn, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí a fi ti orí fóònù kún un. Ẹ̀rọ tí yóò ka Yorùbá dáadáa nílò ẹni tó mọ ohùn, tó mọ ẹ̀ka èdè, tó lè sọ ìyàtọ̀ láàárín Yorùbá Ìlọrin àti ti Ìjẹ̀bú. Bí a kò bá ṣe é, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ni yóò ṣe é fún wa.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí ẹ wà nílé iṣẹ́ ìpolówó ní Èkó tàbí lókè òkun, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ iye tí wọ́n ń dá lé ojú ìwé Yorùbá níbi tí ẹ wà, àti bóyá wọ́n tiẹ̀ ń dá nǹkan lé e. Ẹni tí kò mọ iye ọjà tirẹ̀ ni wọ́n máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀.